Bí Mo Ṣe Fi Bírò Wọn Rọ́nwè London City fún Falcon 8X

Àbúrò mi ló dá a sílẹ̀. A dúró lẹ́bàá King George V Dock, omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú London City, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta kan já wálẹ̀ bí àwòdì tó rí òròmọdìẹ, ó sì dúró kí rọ́nwè tó tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí ló ń ti ibí fò dé Singapore láìdúró?"

Falcon 8X ni, bàálù aládàáni. Mo ní màá dá a lóhùn.

Lálẹ́, mo mú ìwé àti bírò. Rọ́nwè yẹn gùn tó 1,508 mítà. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ kọ, mo sì ṣìṣe: bàálù tó ń balẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 1,319 péré ló kù fún un. Dassault tó ń ṣe 8X ní, bí epo inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dáadáa, bíi 655 mítà ló ń lò láti balẹ̀ kó sì dúró. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, jẹ́ẹ̀tì tó ń gbowó gbé èrò kò gbọdọ̀ lò ju ìdá 60 nínú 100 ọ̀nà náà lọ. Mo fi 0.6 pín 655, ó di 1,092. Ó wọlé!

Orun kò kùn mí. Báwo ló ṣe ń rọra rìn tó bẹ́ẹ̀? Apá tí a fẹ́ kó sáré lọ jìnnà gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, kó sì nà sẹ́yìn bí ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Irú apá bẹ́ẹ̀ kì í lè gbé ẹrù dáadáa bí eré bá ti dín. Nítorí náà ni etí iwájú rẹ̀ ṣe ń yọ síta, èyí tí wọ́n ń pè ní slat, tí etí ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn flap, sì ń tẹ̀ wálẹ̀. Bí eré bá fi ìdá 10 nínú 100 dín, iṣẹ́ bíréèkì fi 19 dín. Gulfstream G650, bàálù aládàáni mìíràn, kò ní slat rárá. Apá gbàràmù ni wọ́n fún un. Ká sọ tòótọ́, èyí wù mí jù: ohun tí kò sí kì í bàjẹ́.

Bíbọ̀ rẹ̀ tún dagun. Níbòmíràn, bàálù ń sọ̀ kalẹ̀ ní dígírì 3, bíi mítà 52 nínú kìlómítà kan. Níbí, dígírì 5.5 ni, mítà 96.

Ibi tí mo ti há ni gbígbéra. Bí epo bá kún 8X, epo nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwúwo rẹ̀, ó sì ń fẹ́ bíi 1,800 mítà. Kò sí i níbí. British Airways náà mọ̀ ọ́n: nígbà tí bàálù Airbus A318 wọn ń ti ibí lọ New York láti ọdún 2009 sí 2020, ó ń yà ní Shannon ní Ireland kó lè rọ epo, nígbà tó bá ń bọ̀, tààrà ni.

Mo ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó fèsì:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fagi lé Singapore. Shannon ni kẹ́ ẹ kọ."