Bí a ṣe ń dá ọjọ́ àyẹ̀wò BP sílẹ̀ fún àwọn àgbà àdúgbò

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) wò ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré rà, òun ló sì kéré jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó bá ti dé ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ rí mọ bó ṣe máa ń rí: wọ́n ta kánópì, èrò tò, wọ́n wọn Màmá, wọ́n ní, "Ó ga díẹ̀ o, Màmá, ẹ dín iyọ̀ kù," wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ká kánópì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá Màmá rí oògùn kankan lò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í pariwo. Ẹni tó ní in lè máa jẹ, kó máa mu, kó máa jó lóde ìnáwó, títí di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ máa dá a dùbúlẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé kéré sí ti kánópì: òwúrọ̀ ọjọ́ kan lóṣù, àga bíi mẹ́wàá, ẹ̀rọ méjì, ìwé ńlá kan. Nínú gbogbo rẹ̀, ìwé yẹn ni kí ẹ mú lójú jù.

Ẹ kọ orúkọ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Kí ẹni méjì mú ìwé, kí wọ́n máa wọ ilé dé ilé. Kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin tí àdúgbò mọ̀ dáadáa, torí àwọn ilé kan wà tí ọkùnrin àjèjì ò ní kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti pé 60 ọdún ni kí wọ́n kọ. Ọ̀pọ̀ ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. N'Ìbàdàn níbí, ẹ kàn bi wọ́n pé níbo ni wọ́n wà nígbà ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968. Ìyá tó bá ní òun ti wà nílé ọkọ nígbà yẹn, ẹ máa kọ ọ́ lọ, ó ti lé ní 70.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi lánlọ́ọ̀dù pé àgbà mélòó ló wà nínú ilé, ara rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ló máa kà. Kò ní ka ìyá tó wá láti Ìsẹ́yìn láti wá bá ọmọ tọ́jú ọmọ. Kò ní ka mẹ́gáàdì. Kò ní ka bàbá tó ń dá gbé ní yàrá ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dárúkọ ẹni tó ti wà lórí ìdùbúlẹ̀, torí ojú ń ti ẹlòmíràn láti sọ ọ́. Àwọn wọ̀nyí gan-an la tìtorí wọn dìde. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ béèrè, ẹ má béèrè ilé.

Àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ rí

Mọ́gàjí tàbí Baálẹ̀, alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, Ìmáàmù, pásítọ̀. Ìwọ̀nyí ò le, ìkíni àti àlàyé ni.

Ẹni tó ṣe kókó ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera alábọ́dé ti wọ́ọ̀dù yín, èyí tí àwa ń pè ní hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà. Òun ni yóò yá yín ní nọ́ọ̀sì kan tàbí kí ó kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni àwọn tí BP wọn bá ga yóò gbà lọ. Bí kò bá tíì gbà láti máa rí wọn, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ìwà ìkà ni láti sọ fún arúgbó pé ó ní àìsàn kí ẹ sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Wíwọ̀n ọ́n

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ òkè apá ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ẹ ra aṣọ rẹ̀ tó tóbi mọ́ ọn, torí bí aṣọ ẹ̀rọ bá kéré fún ìyá tí apá rẹ̀ gbọ̀pọ̀, iye tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọ̀n má jẹ obì, má mu kọfí, má fi aáṣáà sẹ́nu fún ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Kó tọ̀ kó tó jókòó. Kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kó má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Kí apá wà lórí tábìlì, lọ́gbọọgba ọkàn. Bùbá ò ṣòro, apá rẹ̀ gbòòrò. Súwẹ́tà ni kí wọ́n bọ́, torí tí ẹ bá ká a sókè, ó máa fún apá pa.

Lẹ́yìn náà, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ibí yìí ló ti ń ni àwa Yorùbá lára. Bàbá jókòó, Ìyá Rísì ń kọjá, ó kúnlẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ sà," Bàbá ní "Pẹ̀lẹ́ o, àwọn ọmọ ńkọ́?", ẹ̀rọ ń fẹ́ lọ́wọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọ̀rọ̀ sísọ máa ń gbé BP sókè. Ohun tó gbà wá ni pé a yan ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kí gbogbo èèyàn, kó bi wọ́n léèrè ilé, kó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀ dórí àga, a ò kí i mọ́. Àwọn kan kọ́kọ́ bínú.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Bí òòyì bá máa ń kọ́ ẹni náà tàbí tó ti ṣubú rí, kó dìde dúró, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ máa ń gbé jáde, ti òkè ló máa ń tóbi jù. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, torí irú wọn ló ń ṣubú lóru lọ́nà ilé ìtọ̀.

Nọ́ńbà náà

140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ga. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ò tó láti pe èèyàn ní aláìsàn. Kó padà wá ní ọjọ́ mìíràn. Bó bá tún ga, hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà. Bó bá dé 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, kó rí nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí àyà bá tún ń dùn ún, tí apá kan kú, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tàbí tí mímí nira, ọkọ̀ ni kí ẹ wá, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má fún un ní oògùn ẹlòmíràn.

Ẹ má pariwo nọ́ńbà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àti sórí káàdì tó máa mú lọlé.

Oògùn àti owó rẹ̀

"Ara mi ti yá, mo ti dá a dúró." Gbólóhùn yìí lẹ máa gbọ́ jù. Ẹ rọra ṣàlàyé pé oògùn yẹn ló mú nọ́ńbà walẹ̀. Ẹ béèrè nípa àgbo láì bú ẹnikẹ́ni, kí nọ́ọ̀sì lè mọ ohun tí wọ́n ń lò pọ̀. Ẹ béèrè oògùn ara ríro náà: ibuprofen àti diclofenac lè gbé BP sókè, àwọn àgbà sì ń lò wọ́n bí ẹní jẹ ẹ̀pà.

Ní ti owó, òfin ìbánigbófò ìlera ti ọdún 2022 dá owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí nǹkan ò rọrùn fún, àwọn arúgbó sì wà lára wọn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ ìbánigbófò ìlera tirẹ̀: OYSHIA l'Ọ́yọ̀ọ́, LASHMA tó ń bójú tó ètò Ilera Eko l'Ékòó. Ẹ bi ọ̀gá nọ́ọ̀sì bóyá àyè wà. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń béèrè fún ìforúkọsílẹ̀, ló máa ń dá àgbà dúró, torí ìka tí iṣẹ́ oko ti pa kì í fẹ́ jáde lórí ẹ̀rọ. Ẹ tètè bá wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà

Bí ẹ bá ti kó àga, ẹ jókòó ti ìwé náà. Ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tí kò wá, kí ẹ pín wọn láàárín ara yín. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa kanlẹ̀kùn wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pẹ̀lú ẹ̀rọ nínú àpò.