Bí ẹ ṣe lè mọ ẹ̀dà Bluetooth tó wà nínú fóònù yín gan-an

Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ẹ̀dà Bluetooth (version rẹ̀, bíi 4.2 tàbí 5.0) fóònù wọn kì í ṣe òun rárá. Wọ́n á wọ “Settings”, wọ́n á ṣí “Apps”, wọ́n á tẹ àmì mẹ́ta tó wà lókè kí àwọn áàpù abẹ́lẹ̀ lè jáde, wọ́n á tẹ Bluetooth, wọ́n á sì kà nísàlẹ̀ pé “version 12” tàbí “version 13”. Kò sí ohun tó ń jẹ́ Bluetooth 12. Áàpù tí Android fi ń darí Bluetooth ló ni nọ́ńbà yẹn, ó sì sábà máa ń bá nọ́ńbà Android tó wà lórí fóònù dọ́gba. Tí fóònù bá kúrò ní Android 12 bọ́ sí 13, nọ́ńbà náà á yí padà, ṣùgbọ́n rédíò tó ń ṣiṣẹ́ Bluetooth nínú fóònù kò yẹ̀ níbi tó wà. Ìmọ̀ràn yìí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà gidigidi.

Ibòmíì tí wọ́n ti máa ń ṣìnà ni “Developer options”, abala tó fara pamọ́ nínú “Settings” Android fún àwọn tó ń ṣe áàpù. Ẹ ó rí “Bluetooth AVRCP Version” níbẹ̀, pẹ̀lú 1.5 tàbí 1.6 lábẹ́ rẹ̀, àti “Bluetooth MAP Version”. AVRCP ni fóònù àti ẹ́ápíìsì fi ń gbọ́ra wọn yé nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì láti dá orin dúró tàbí láti fò ó. MAP ni rédíò ọkọ̀ fi ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Kò sí èyí tó sọ ẹ̀dà Bluetooth nínú méjèèjì. Ẹ má ṣe yí wọn padà láìnídìí.

Ṣíìpù inú fóònù ló ni ẹ̀dà Bluetooth. Nítorí náà, ẹ lè mọ̀ ọ́n láti inú ìwé tí olùṣe kọ nípa fóònù náà, tàbí kí ẹ bi ṣíìpù náà fúnra rẹ̀. Àwọn áàpù kan wà láàárín méjèèjì, wọ́n wúlò dé ìwọ̀n kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ fóònù tó wà lọ́wọ́ yín

Lórí Android, ẹ lọ sí “Settings”, ẹ fà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ṣí “About phone”, kí ẹ kọ ohun tó wà níwájú “Model number” sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà nìkan kò tó. Samsung Galaxy A12 tó jẹ́ SM-A125F ń lo ṣíìpù Helio P35 ti MediaTek. Èyí tó jẹ́ SM-A127F ń lo Exynos 850, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni wọ́n fi tà wọ́n. Nínú ìdílé Galaxy S21, S21 lásán jẹ́ Bluetooth 5.0, S21 Ultra sì jẹ́ 5.2.

Lórí iPhone, “Settings”, lẹ́yìn náà “General”, lẹ́yìn náà “About”. Ẹ ó rí “Model Name” lókè. Ẹ ó tún rí “Bluetooth” nísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà méjì-méjì tí àmì “:” là láàárín. Àdírẹ́sì ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀dà. iPhone kò fi ẹ̀dà hàn níbikíbi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Apple kọ ọ́ kedere sí ojú-ewé fóònù kọ̀ọ̀kan, ìtàn wọn kò sì gùn. iPhone 4S, tó jáde ní 2011, ló kọ́kọ́ ní 4.0. iPhone 6s, iPhone 7 àti SE àkọ́kọ́ jẹ́ 4.2. iPhone 8 àti X bẹ̀rẹ̀ 5.0 ní 2017, Apple sì dúró síbẹ̀ títí dé iPhone 13 àti SE ẹlẹ́ẹ̀kẹta. iPhone 14, 15 àti 16 jẹ́ 5.3. iPhone 17 ló bọ́ sí 6.

Fún àwọn Galaxy S ti Samsung: S7 jẹ́ 4.2, S8 jẹ́ 5.0, S23 àti S24 jẹ́ 5.3, S25 sì jẹ́ 5.4.

Fún fóònù míì, ẹ kọ́kọ́ wo ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá orúkọ fóònù náà lórí GSMArena, ìkànnì tó ń kó àlàyé nípa fóònù jọ, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Comms” sí, ẹ ó rí ìlà “Bluetooth”. Tí ó bá jẹ́ “5.0, A2DP, LE”, 5.0 yẹn ni ẹ̀dà; àwọn yòókù jẹ́ iṣẹ́ tó lè ṣe. Ìṣòro tí ẹ máa bá pàdé ni pé fún ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti itel, “Yes” nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà náà, ẹ gòkè lọ sí “Chipset”, ẹ mú orúkọ ṣíìpù, kí ẹ sì wá a lórí ìkànnì MediaTek, Qualcomm tàbí Unisoc. Helio G85, fún àpẹẹrẹ, gba Bluetooth 5.0, Helio G99 gba 5.2. Ṣùgbọ́n òkè tó ga jù tí ṣíìpù náà lè dé ni nọ́ńbà yìí. Olùṣe fóònù lè forúkọ fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀dà tó kéré sí i. Ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí ààlà.

Tí ọ̀rọ̀ bá takókó, ẹgbẹ́ Bluetooth SIG tó ń bójú tó Bluetooth ní àkọsílẹ̀ gbogbo ọjà tó gba ìyọ̀ǹda wọn, lórí qualification.bluetooth.com. Ẹ fi “Model number” wá a, kì í ṣe orúkọ ọjà.

Àwọn áàpù, àti ibi tí agbára wọn mọ

Android kò fún áàpù ní ọ̀nà kankan láti béèrè pé “ẹ̀dà wo ni Bluetooth yìí?” Ohun tí áàpù lè béèrè ni pé “ṣé fóònù yìí lè ṣe èyí, ṣé ó lè ṣe ìyẹn?” Torí náà, áàpù tó bá kọ “Bluetooth 5.2” gbàgàdà síwájú yín mú un láti inú àkójọ tó ní lọ́wọ́ ni, tàbí ó fojú díwọ̀n rẹ̀ láti ara àwọn iṣẹ́ tí fóònù ń ṣe. Ó lè tọ̀nà, ó sì lè má tọ̀nà.

Èyí tí a fọwọ́ sí jù ni nRF Connect ti Nordic Semiconductor, torí kò díbọ́n. Ẹ gbà á láti Play Store, ẹ ṣí i, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá òsì, kí ẹ yan “Device information”. Ẹ wo àwọn ìlà tó sọ nípa 2M PHY, Coded PHY àti Extended Advertising. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé pẹ̀lú Bluetooth 5.0 ni. Tí “Yes” bá wà níwájú ẹyọ kan péré nínú wọn, fóònù yín kò kéré sí 5.0. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ “No”, ẹ má tíì sọ pé 4.2 ni, torí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe dandan. Fóònù lè jẹ́ 5.0 kí olùṣe má tan ọ̀kankan nínú wọn. Android 8.0 ló sì kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè yìí. Lórí èyí tó lọ́jọ́ lórí ju ìyẹn lọ, “No” kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ẹ bi fóònù fúnra rẹ̀

Ọ̀nà yìí ló dájú jù. Nígbà tí ẹ̀rọ Bluetooth méjì bá pàdé, ọ̀kan lè bi èkejì ní ẹ̀dà rẹ̀, ṣíìpù ló sì máa ń dáhùn, kì í ṣe Android. Ohun tí ẹ nílò ni láptọ́ọ̀pù tó ní Bluetooth, tó sì ń lo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows. Ẹ kò ní láti pa Windows rẹ́: ẹ fi Ubuntu (irú Linux kan) sí orí fláàṣì, ẹ tan láptọ́ọ̀pù láti orí fláàṣì náà, kí ẹ yan “Try Ubuntu”. Raspberry Pi 3 tàbí 4, kọ̀ǹpútà kékeré, náà ṣe é.

Ẹ tan Bluetooth fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú-ewé Bluetooth nínú “Settings” ṣí sílẹ̀, torí ìgbà tó bá wà lójú-ewé yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ fóònù máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ míì rí wọn. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí “Terminal”, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ:

hcitool scan

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, orúkọ fóònù á jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ wá fi àdírẹ́sì náà rọ́pò èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí:

sudo hcitool info AA:BB:CC:DD:EE:FF

Nínú ìdáhùn, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “LMP Version”; ibẹ̀ ni ṣíìpù ti sọ ẹ̀dà Bluetooth rẹ̀. Ó lè kà báyìí pé “LMP Version: 5.0 (0x9)”. Tí irinṣẹ́ náà bá ti pẹ́, ó lè má mọ orúkọ ẹ̀dà tuntun, kí ó kọ nọ́ńbà inú àkámọ́ nìkan. Ẹ fi èyí tú u:

0x6 ni 4.0
0x7 ni 4.1
0x8 ni 4.2
0x9 ni 5.0
0xa ni 5.1
0xb ni 5.2
0xc ni 5.3
0xd ni 5.4
0xe ni 6.0

Tí scan kò bá rí nǹkan kan, ojú-ewé Bluetooth fóònù ti pa, tàbí Bluetooth láptọ́ọ̀pù kò tíì tàn. Tí fóònù bá kọ̀ láti hàn, ẹ mú àdírẹ́sì rẹ̀ láti “About phone”, lábẹ́ “Status”. Bluetooth gbọ́dọ̀ wà ní títàn kí àdírẹ́sì tó lè hàn níbẹ̀. Tí ó bá sọ pé kò mọ àṣẹ hcitool, ẹ tẹ “sudo apt install bluez”. Àwọn Linux kan ti yọ hcitool kúrò torí pé ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n Ubuntu ṣì ní i.

Ẹni tó bá ń lo Windows lè rí “LMP” nínú “Device Manager”, lábẹ́ “Advanced” ti ẹ̀rọ Bluetooth. Ti láptọ́ọ̀pù nìyẹn, kò kan fóònù.

Bí kò bá sí Linux, fóònù Android lè kọ ọ̀rọ̀ tó ń bá ṣíìpù rẹ̀ sọ sílẹ̀. Ẹ tẹ “Build number” ní ẹ̀ẹ̀méje kí “Developer options” lè ṣí, ẹ tan “Enable Bluetooth HCI snoop log”, ẹ pa Bluetooth, ẹ tún un tàn. Ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ fi àṣẹ “adb bugreport” (adb ni irinṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá Android sọ̀rọ̀) gbé ìròyìn jáde, ẹ wá fáìlì btsnoop_hci.log nínú rẹ̀, kí ẹ fi Wireshark, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ṣí i. Ìdáhùn sí “Read Local Version Information” ló ní nọ́ńbà náà, àtòkọ òkè yẹn náà ló sì ń tú u. Ọ̀rọ̀ ara ẹni pọ̀ nínú ìròyìn yẹn, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá parí, ẹ pa snoop log náà.

Tí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ ò lè gbé Linux kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọdún ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀dà 4.2 jáde ní 2014, 5.0 ní ìparí 2016, 5.1 ní 2019, 5.3 ní 2021, 5.4 ní 2023, 6.0 ní 2024. Fóònù tí wọ́n ṣe ní 2018 kò lè jẹ́ 5.3, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sí páálí rẹ̀. Ayédèrú fóònù lè fi orúkọ àti nọ́ńbà tó wu ẹni tó ṣe é sínú “About phone”. Nígbà tí ẹ bá délé, LMP ló máa sọ òótọ́: tí fóònù tí wọ́n pè ní Galaxy S24 bá dáhùn 0x8, kì í ṣe S24.

Kí ni nọ́ńbà náà yóò ṣe fún yín?

Ẹ̀rọ méjì tí ẹ̀dà wọn kò dọ́gba á ṣì so pọ̀, wọn á sì lo ohun tí èyí tó kéré mọ̀. Ẹ́ápíìsì 5.3 á ṣiṣẹ́ lórí fóònù 4.2. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ pààrọ̀ fóònù torí ẹ́ápíìsì nìkan.

Ẹ má sì retí pé 5.0 á mú orin dùn ju 4.2 lọ. Ìyára ìlọ́po méjì àti jíjìnnà ìlọ́po mẹ́rin tí wọ́n ń polówó jẹ́ ti Bluetooth Low Energy, tí aago ọwọ́ àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ń lò. Orin ń gba ọ̀nà àtijọ́ kọjá, èyí tí 5.0 kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn. Codec, ìyẹn ọ̀nà tí fóònù fi ń fún orin pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, ló ń pinnu bí orin ṣe máa dún: SBC, AAC, aptX tàbí LDAC. Ẹ wò ó nínú “Developer options”, lábẹ́ “Bluetooth Audio Codec”, nígbà tí ẹ́ápíìsì bá wà lórí ìsopọ̀. Tí orin bá ń já lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ tẹ “Forget” kí ẹ tún so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì jìnnà sí Wi-Fi 2.4 GHz, torí ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń lò.

Ibi tí ẹ̀dà ti ṣe pàtàkì fún ohùn ni LE Audio, ọ̀nà tuntun tó ń gbé ohùn gba Bluetooth Low Energy, tó sì ń lo codec LC3. Ó nílò 5.2 ó kéré tán, pẹ̀lú Android 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti kí olùṣe fóònù tan án. Ọ̀pọ̀ fóònù 5.2 àti 5.3 ni kò ní i. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgbọ́ran fún òbí tí etí rẹ̀ ti ń di, tí wọ́n sì sọ fún un pé LE Audio ló ń lò, kó má fi nọ́ńbà nìkan ra fóònù. Kó so ẹ̀rọ náà mọ́ fóònù níwájú ẹni tó ń tà á, kó tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ojú-ewé Bluetooth, kó sì wò bóyá bọ́tìnnì “LE Audio” wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, fóònù míì ni kó bèèrè.