Bí mo ṣe yanjú dáta omi kànga tó kún fún "<0.01"

Ọ̀gá mi kan ló fi fáìlì Excel kan ránṣẹ́ sí mi, omi kànga ni àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń lọ bù káàkiri àdúgbò kan n'Íbàdàn, àwọn kànga kan sún mọ́ ààtàn, àwọn kan jìnnà sí i, wọ́n á wá gbé omi ọ̀hún lọ sí láàbù láti mọ bí òjé tó wà nínú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ohun tí ọ̀gá fẹ́ mọ̀ ni pé kànga mélòó ló ti kọjá 0.01 mílígíráàmù nínú líítà kan tí WHO fi ṣe òpin, ṣé ọwọ́ ààtàn wà níbẹ̀, àti pé ṣé òjé yẹn ń pọ̀ sí i ni àbí ó ń dínkù. Ó dún bí iṣẹ́ kékeré, àfìgbà tí mo ṣí fáìlì tí mo rí i pé ohun tó ju ìdajì lọ níbẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà, "<0.01" ni wọ́n kọ, níbòmíì "<0.002".

Ẹni tó ń kọ "<0.01" ò sọ pé òjé ò sí nínú omi o. Láàbù ń sọ pé tó bá tiẹ̀ wà, kò tó ohun tí ẹ̀rọ àwọn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Excel fúnra ẹ̀ wàhálà ni. Tó bá ti rí àmì "<" yẹn, ọ̀rọ̀ ló máa kà á sí, tẹ́ ẹ bá wá ní kó ṣe average, ńṣe ló máa fo gbogbo wọn kọjá, àwọn kànga tí òjé ti hàn nìkan ló máa ṣírò, ó máa wá dà bíi pé gbogbo àdúgbò ń mu májèlé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe pín kọ́lọ́ọ̀mù yẹn sí méjì, ìkan fún nọ́ńbà lásán, ìkan fún TRUE tàbí FALSE, TRUE ni tó bá ní "<" níwájú. Fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an, mi ò fọwọ́ kàn án.

Tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá débí yìí, wọ́n á kàn pín in sí méjì ni, "<0.01" á di 0.005, iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀gá náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti ya gíráàfù, òjé ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́dọọdún, inú wọn sì ń dùn. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé láàbù ò pààrọ̀ ẹ̀rọ láàárín?" Wọ́n ní, "Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ mà, tuntun yìí mọ́jú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Mo ní, "Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà sà." Ẹ wò ó: ẹ̀rọ àtijọ́ ò rí ohun tó bá kéré sí 0.01, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 0.005. Tuntun ń rí i dé 0.002, ìdajì ìyẹn jẹ́ 0.001. Kànga kan náà, omi kan náà, òjé ẹ̀ ò yí padà rárá, àmọ́ lórí ìwé ó ti dínkù di ìdá kan nínú márùn-ún. Ojú ẹ̀rọ ló là sí i, omi ò mọ́ sí i.

Ohun tí mo ṣe ni pé gbogbo ohun tó bá ti kéré sí 0.01, títí kan 0.004 tí ẹ̀rọ tuntun rí kedere, mo sọ gbogbo ẹ̀ di "<0.01". Ó dunni, torí dáta tí wọ́n fowó ṣe ni, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló yẹ ká fi wo ọdún àtijọ́ àti tìsinyìí. Mo wá ṣe Mann-Kendall lé e lórí, ìdánwò tó ń wò ó bóyá nǹkan ń pọ̀ sí i àbí ó ń dínkù bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ìyẹn ò béèrè iye, ó kàn máa mú sáńpù méjì méjì, á béèrè pé ṣé èyí tó dé kẹ́yìn ló ga ni àbí òun ló kéré, tí méjèèjì bá jẹ́ "<0.01", ọ̀mì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọjọ́sí pòórá, p-value, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú àbájáde bẹ́ẹ̀ kàn ṣèèṣì wáyé, ga débi pé kò sẹ́ni tó lè fi jẹ́rìí sí nǹkan kan. Mo tún fi cenken tó wà nínú package NADA lórí R, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, yẹ̀ ẹ́ wò, òun lè gba òpin méjì papọ̀ láìjẹ́ pé èèyàn sọ nǹkan nù, ibi kan náà ló já sí.

Ti WHO ló rọrùn jù, torí òpin tí wọ́n fi lélẹ̀ bá òpin ẹ̀rọ àtijọ́ mu rẹ́gí, kànga tó bá ti jẹ́ "<0.01" ti yege nìyẹn, kò sí pé à ń méfò. Mo kà wọ́n, mo fi binom.test inú R wá àyè tí ìdá tó kọjá òpin lè wà, ó tán.

Ti ààtàn, cendiff inú NADA, tó ń fi ẹgbẹ́ méjì wéra, ni mo lò. Ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèwádìí nílé ìwòsàn tipẹ́, Kaplan àti Meier kọ ọ́ lọ́dún 1958: aláìsàn tó kúrò nínú ìwádìí láàyè, a ò mọ ọjọ́ tó máa kú, àmọ́ a mọ̀ pé ó kéré tán ó lo iye ọjọ́ báyìí. Tiwa ni pé ó pọ̀ jù kò lè ju báyìí lọ, ẹ kàn dorí ẹ̀ kodò. Kànga ẹ̀gbẹ́ ààtàn ga ju tòkèèrè lọ lóòótọ́, p-value sì kéré. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn tó ń tú bátìrì ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn ọ̀hún, òjé ló sì pọ̀ jù nínú bátìrì, ìṣirò yìí ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi kí wọ́n lọ bu omi níbi tí ìkan wà tí ìkejì ò sí.

Ọ̀gá ṣì ní dandan kí average wà nínú ìwé, mo bá fún wọn ní ti ros(), tó ń fi àwọn tó hàn fa ìlà láti fojú dá àwọn tí ò hàn, àmọ́ mo kìlọ̀ fún wọn pé àròpọ̀ wọn nìkan ló wúlò, kí ẹnikẹ́ni má lọ mú ìkan níbẹ̀ kó ní ti kànga Ìyá Báyìí nìyí.

Ó ku náítréètì, òun náà láàbù wọ̀n nínú omi yẹn. Ìyẹn máa ń bá òjò yí, Seasonal Kendall tí Hirsch, Slack àti Smith gbé jáde lọ́dún 1982 ni màá lò, tó ń fi Jánúárì wé Jánúárì, Júlàí wé Júlàí. Àmọ́ mi ò tíì bẹ̀rẹ̀, torí láàbù ò kọ ọ́ bóyá NO3, ìyẹn náítréètì lódidi, ni wọ́n wọ̀n àbí N nìkan, ìyẹn náítírójìn inú ẹ̀, 50 mílígíráàmù nínú líítà kan ni òpin WHO fún ti àkọ́kọ́, ìkejì sì wà ní bíi 11. Mo ti ní kí ọ̀gá bá mi bi wọ́n.