Bí Ẹ Ṣe Lè Pọn Ọmọ Sínú Ìwé Àwòrán

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bí wọ́n ṣe ń yàwòrán sínú ìwé ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ má tíì lọ ra kọ̀ǹpútà. Bébà mẹ́jọ ti tó láti fi dán ìwé yín wò. Ẹ tò wọ́n léra, ẹ ká wọn sí méjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ rán àárín. Ojú ìwé 32 nìyẹn, iye tí ọ̀pọ̀ ìwé àwòrán ní, torí pé bébà ńlá tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ sábà máa ń di ojú ìwé 16 tí wọ́n bá ká a tán. Méjì rẹ̀ ló ń di ìwé kan. Ẹ wá fi pẹ́ńsù ya ìtàn yín wúruwùru sínú rẹ̀. Bí kò bá tiẹ̀ dáa, kò sí wàhálà.

Ẹ rí rírán yẹn, ẹ má fò ó o. Nínú ìwé mi àkọ́kọ́, mo ya ìyá kan sí àárín gbùngbùn ojú ìwé méjì. Ìgbà tí ìwé dé, ibi tí wọ́n ti rán an ti gbé imú obìnrin náà mì.

Àwòrán tó bá dé etí bébà, ẹ jẹ́ kó fi mìlímítà 3 kọjá etí, kí ọ̀bẹ ilé ìtẹ̀wé rí nǹkan gé.

Ó wá ku ọmọ pípọ̀n. Olóòtú mi, òyìnbó, bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló gbé ọmọ tí mo yà sẹ́yìn ìyá rẹ̀ dúró. Inú bí mi. Mo tún àwòrán náà wò: àṣé mo kàn lẹ ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ bíi sítáǹbù ni. Mo pe Màámi ní Abẹ́òkúta lórí fídíò.

"Ta ló ń nàró pọnmọ? Bẹ̀rẹ̀ kí n rí ẹ."

Ìrọ̀rí ni mo rí pọ̀n. Ohun tí mo kọ́ nìyí: ẹ tẹ ìyá síwájú díẹ̀. Ìró ló kọ́kọ́ bo ọmọ, wọ́n so ó lókè ọyàn. Ọ̀já á wá gba abẹ́ ìdí ọmọ, wọ́n á fún un níwájú. Ẹsẹ̀ ọmọ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Lókè ibi tí ọ̀já ti fún, ẹ jẹ́ kí aṣọ wú díẹ̀. Wíwú yẹn ló ń fi hàn pé ọmọ wúwo.

Tí ìwé bá jáde, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Public Lending Right, ètò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó tó di 30 oṣù Kẹfà. Láti 1984 ni wọ́n ti ń san owó lórí ìwé tí àwọn èèyàn ń yá ní láíbìrì, ayàwòrán náà sì ní ìpín tirẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbà kò tó ra iṣu kan lọ́jà Rye Lane ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo gbà á.