Bí A Ṣe Ń Jẹ́ Àlejò Rere Lórí Ètò Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Rédíò

Ẹni tí wọ́n bá pè sórí ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rédíò sábà máa ń rò pé atọ́kùn ètò ni òun ń lọ bá sọ̀rọ̀. Atọ́kùn ni yóò jókòó síwájú rẹ̀ lóòótọ́, òun náà ni yóò máa bi í ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n olùgbọ́ ló ni ọ̀rọ̀, olùgbọ́ kò sì sí nínú yàrá. Ó lè wà nídìí ọkọ̀, ó lè máa fọ abọ́ lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò rẹ̀. Kò rí ojú yín, kò rí ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣàpèjúwe, bí ohun kan kò bá yé e kò lè padà sẹ́yìn lọ tún un gbọ́, bí ọ̀rọ̀ bá sì sú u, kò ní í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó yí rédíò sí ibòmíràn. Àlejò tó bá gbé ẹni yìí sọ́kàn láti ìgbà tí wọ́n ti pè é títí tí yóò fi kúrò nídìí ẹ̀rọ yóò ṣe dáadáa, ì báà má ní ohùn dídùn.

Kí ẹ tó gbà láti lọ, ẹ bi olóòtú ètò, ìyẹn ẹni tó ń ṣètò gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún atọ́kùn, ní ìbéèrè díẹ̀, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ irú ìmúrasílẹ̀ tí ẹ máa ṣe. Ṣé ètò náà yóò lọ sórí afẹ́fẹ́ ní tààràtà ni, àbí wọ́n máa gbà á sílẹ̀? Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà? Ṣé ẹ̀yin nìkan ni àlejò, àbí ẹlòmíràn tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín yóò wà níbẹ̀? Ṣé àwọn olùgbọ́ yóò máa pè wọlé? Ṣé inú sítúdíò ni ẹ ti máa sọ̀rọ̀, àbí orí fóònù? Lẹ́yìn náà, ẹ wá àyè gbọ́ ètò náà fúnra yín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn atọ́kùn kan máa ń fi àlejò sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀ dé ibi tó bá fẹ́, àwọn mìíràn a máa já lu ọ̀rọ̀, àwọn mìíràn sì fẹ́ràn àríyànjiyàn, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ gbè sẹ́yìn ẹni tó ń ṣàtakò kí ọ̀rọ̀ lè gbóná. N kò rí èyí tó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ ti mọ èyí tí ẹ fẹ́ bá pàdé. Bí olóòtú bá sì pè yín ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú láti béèrè èrò yín, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ó ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ìbéèrè tí atọ́kùn yóò bi yín látinú ohun tí ẹ bá wí. Àlejò tó bá fi “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” nìkan dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀ ti sọ iṣẹ́ olóòtú di líle, ó sì lè gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò òun.

Àkókò orí rédíò kéré ju bó ṣe rí lórí ìwé lọ. Nínú ètò wákàtí kan, ìròyìn yóò gba tirẹ̀, ìpolówó ọjà yóò gba tirẹ̀, àwọn tó ń pè wọlé náà yóò gba tiwọn, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ló kan àlejò. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ju kókó mẹ́ta lọ. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún aládùúgbò tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín, kí ẹ sì wá ìtàn kúkúrú tàbí àpẹẹrẹ kan tí yóò gbé e dúró. Ó máa ń dùn mí láti gbọ́ onímọ̀ gidi tó kó kókó mẹ́wàá wá sórí afẹ́fẹ́, tó sáré ka gbogbo rẹ̀ tán, tí ẹni tó gbọ́ ọ kò sì lè dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn nígbà tí ètò parí.

Ìwé pélébé kan ti tó láti gbé wọlé. Kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kọ sórí rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, pẹ̀lú orúkọ, ọdún àti iye tí ẹ kò fẹ́ ṣì sọ. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kà, nítorí etí máa ń tètè mọ ẹni tó ń kàwé: ohùn rẹ̀ á lọ gbọọrọ láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀, olùgbọ́ á sì mọ̀ pé wọn kò bá òun sọ̀rọ̀. Àwọn iye pẹ̀lú nílò àtúnṣe kí wọ́n tó lè wọ etí. Ojú lè rí 33.4% lórí ìwé kó yé e, ṣùgbọ́n “ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta” ni etí lè gbé lọ. Ẹ má sì kó ju iye kan lọ sínú ìdáhùn kan.

Ẹ ran atọ́kùn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ẹ fi ìwé kúkúrú ránṣẹ́ tó sọ orúkọ yín àti bí wọ́n ṣe ń pè é, iṣẹ́ yín, ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan olùgbọ́, àti ìbéèrè márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ó lè lò bó bá wù ú. Bí ẹ bá jẹ́ òǹkọ̀wé, tí atọ́kùn kò sì tíì ka ìwé tí ẹ tẹ̀ jáde, ẹ má ṣe bínú, ẹ má sì sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Àlejò mìíràn ń bọ̀ lọ́la, òmíràn ń bọ̀ lọ́túnla, gbogbo wọn ló sì ní ìwé. Ó ṣe tán, olùgbọ́ tí ẹ wá bá sọ̀rọ̀ náà kò tíì kà á.

Bó bá jẹ́ inú sítúdíò ni, ẹ dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú, kí mímí yín lè balẹ̀. Ẹ pa fóònù pátápátá, nítorí kì í ṣe agogo rẹ̀ nìkan ló ń dani láàmú: ìgbì tí àwọn fóònù kan ń gbé jáde lè wọ inú ẹ̀rọ kó sì máa dún wùùù lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń dún, ẹ gbé bírò sílẹ̀, ẹ má ṣe fi ìka lu tábìlì. Ẹ jókòó kí ẹnu yín jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, nítorí àwọn ìró kan máa ń ti èémí jáde lẹ́nu, bí èémí yẹn bá sì kọlu ẹ̀rọ ní tààrà, yóò bú gbàmù létí ẹni tó ń gbọ́. Bí ẹ bá ti rí ààyè yín, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń fì síwájú fì sẹ́yìn ń mú kí ohùn rẹ̀ máa lọ kó máa bọ̀. Ẹ gbé hẹ́dífóònù sétí bí wọ́n bá fún yín, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ àwọn tó ń pè. Omi tí kò tutù ni kí ẹ máa mu. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí ẹ máa ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń gbọ́ yín nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ pé ìpolówó ló ń lọ lọ́wọ́.

Orí fóònù le díẹ̀ sí i. Ìlà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ju ìró tó wà láàárín nǹkan bíi 300 sí 3,400 hertz lọ (hertz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ìdí nìyí tí ohùn fi máa ń tín-ín-rín níbẹ̀, tí “s” àti “f” sì máa ń jọra. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ sì pe orúkọ àti iye ní àpèjá. Ẹ wá yàrá tó ní aṣọ fèrèsé, kápẹ́ẹ̀tì tàbí bẹ́ẹ̀dì, nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gbé ìró mì, wọn kì í jẹ́ kó ta padà. Ẹ má ṣe gbé fóònù sílẹ̀ kí ẹ máa fi ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ pa rédíò tó wà nítòsí, nítorí ilé-iṣẹ́ rédíò púpọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń dá ohùn dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kó tó jáde, kí wọ́n lè yọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kúrò. Bí ẹ bá ń gbọ́ ara yín lẹ́yìn tí ẹ ti sọ̀rọ̀ kọjá, ahọ́n yín yóò kọsẹ̀. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún olóòtú ní nọ́ńbà kejì, bóyá ìlà àkọ́kọ́ lè já.

Nígbà tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn ni kó kọ́kọ́ jáde, kí àlàyé tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká sọ pé omi mímu ni ọ̀rọ̀ dá lé, tí atọ́kùn sì béèrè pé, “Ṣé omi tó mọ́ gaara lójú lè ṣe ènìyàn ní ìjàǹbá?” Àlejò kan yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ìmọ̀ nípa kòkòrò àrùn ṣe dé ayé, yóò kọjá sórí oríṣiríṣi omi tó wà, ìpolówó yóò sì dé bá a níbẹ̀ láìtíì dáhùn. Àlejò tó rántí olùgbọ́ yóò wí pé: “Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe é. Kòkòrò tó ń fa àrùn onígbáméjì kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ẹ jẹ́ kí omi náà hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó mu ún.” Bí àyè bá wà, yóò fi ìtàn gbè é: “Ní ọdún 1854, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, John Snow, wádìí ibi tí àwọn tí àrùn yìí ń pa ti ń pọn omi, ó sì rí i pé ẹ̀rọ omi kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ó ní kí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n sì yọ ọ́.” Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń wakọ̀ lọ mọ ohun tó máa ṣe bó bá délé, ó sì ní ìtàn tó lè sọ fún ẹlòmíràn.

Láàárín ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan ni ìdáhùn yẹ kó gbà, lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́. Ẹ̀rù dídákẹ́ yìí ń ba ọ̀pọ̀ àlejò, wọ́n á sì máa fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ títí ìdáhùn tó dára tẹ́lẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Atọ́kùn wà níbẹ̀; bó bá fẹ́ sí i, yóò béèrè. Ẹ yẹra fún “gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan”, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan; ẹ kúkú tún un sọ ní ṣókí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ọmọlúwàbí kò tó lórí asọ̀rọ̀mágbèsì, odidi ni kí ẹ sọ. Bí ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ yín nìkan ń lò bá bọ́ lẹ́nu yín, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nípa ìbéèrè líle, àwọn kan máa ń gbani níyànjú pé kí àlejò fi ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ sórí ohun tó wù ú. N kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí. Olùgbọ́ tí kò rí ojú yín ní etí tó mú ṣáṣá, ó máa ń gbọ́ ẹni tó ń sá fún ìbéèrè. Ẹ kọ́kọ́ dáhùn, kódà bó bá jẹ́ gbólóhùn kan, lẹ́yìn náà ni ẹ lè sọ ohun tí ẹ rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, “N kò mọ̀, ṣùgbọ́n màá wádìí rẹ̀” kò lè ba orúkọ yín jẹ́ tó iye tí ẹ hùmọ̀ rẹ̀ lójijì.

Àwọn tó ń pè wọlé ni ọ̀pọ̀ àlejò ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé àwọn gan-an ló ń mú ètò wúlò, nítorí ẹnì kan tó pè sábà máa ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò láìpè. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ bó bá ti dárúkọ, kí ẹ fi dá a lóhùn, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lọ láìsí ìbéèrè, atọ́kùn ló ni iṣẹ́ dídá a dúró, kì í ṣe ẹ̀yin. Bó bá ń sọ ìṣòro ara rẹ̀, bí àìsàn tàbí ẹjọ́, ẹ ṣàlàyé ohun tó kan gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì darí rẹ̀ sí ẹni tó lè yẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wò dáadáa. Ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù kò tó láti sọ ohun tó ń ṣe é. Bí inú bá ń bí i, ẹ wá ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ gbà á, kí ẹ tó sọ ibi tí èrò yín ti yàtọ̀. Ẹ má ṣe gbé ohùn sókè. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó pè má yí èrò padà, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń gbọ́ bí ẹ ṣe ṣe é. Ẹyin lohùn: ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ẹ̀sùn tí ẹ kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí òfin ìbanilórúkọjẹ́ kan àlejò bó ṣe kan ilé-iṣẹ́ rédíò.

Bí ẹ bá ní ìwé tàbí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ayé mọ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, atọ́kùn yóò ṣe ìyókù. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo tó rọrùn láti rántí ti tó.

Atọ́kùn yóò fún yín ní àmì pé àkókò ti ń lọ. Ẹ má ṣe ṣí ọ̀rọ̀ tuntun nígbà náà. Gbólóhùn kókó àkọ́kọ́ yín ni kí ẹ tún sọ, kí ẹ sì dúpẹ́. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ títí wọn yóò fi sọ fún yín pé ẹ̀rọ ti kú. Ẹ béèrè fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá jù lọ ibi tí ìdáhùn yín ti gùn jù àti ibi tí atọ́kùn ti ní láti tún ìbéèrè bi. Bí ẹ bá ti ṣèlérí ìdáhùn kan tí ẹ kò mọ̀, ẹ wádìí rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú kí ètò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí atọ́kùn lè kà á sétí ẹni tó béèrè.