Bí a ṣe ń tọ́jú ẹja bẹ́tà tó ń bu ìrù ara rẹ̀ jẹ

Tí ẹ bá jí láàárọ̀ tí ẹ rí i pé ìrù bẹ́tà yín, ẹja kékeré tí a ń sìn fún ẹwà nínú ilé, ti di àkísà, ẹ má tíì sáré lọ sí ilé oògùn. Ohun tí mo máa ń rí l'Abẹ́òkúta níbí ni pé wọ́n á tú kápúsù pupa-òun-yẹ́lò sínú omi, omi á yí àwọ̀ padà, ẹja á máa mí hẹlẹhẹlẹ lókè, ìrù tó ṣẹ́kù á sì tún máa lọ. Ẹja tó ń bu ara rẹ̀ jẹ kò ní àìsàn tí kápúsù lè wò. Nǹkan kan ló ń ni ín lára nínú omi náà tàbí ní àyíká àpótí omi tó ń gbé. Àpótí la ó tún ṣe.

Akọ tí ìrù rẹ̀ gùn, irú èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní halfmoon tàbí rosetail, ló sábà máa ń ṣe é. Ènìyàn ló sin wọ́n títí ìrù wọn fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́tà inú irà àti oko ìrẹsì ní Táílàǹdì kò ní irú ẹ̀. Ẹrù ni ìrù yẹn. Tó bá ti ń wọ́ ọ kiri títí tó fi rẹ̀ ẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e dànù. Èyí tí ìrù rẹ̀ kúrú, tí wọ́n ń pè ní plakat, kì í sábà dán an wò, abo náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é.

Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń bù ú?

Nǹkan mẹ́ta ló lè sọ ìrù di bẹ́ẹ̀: eyín ẹja náà, ohun mímú inú àpótí, àti àìsàn tó ń jẹ ìrù rà. Tó bá jẹ́ eyín, òjijì ni. Ìrù pé lálẹ́ àná. Ilẹ̀ mọ́, ibì kan ti ṣí róbótó bí ìgbà tí wọ́n fi ṣíbí bu ẹ̀kọ. Etí ibẹ̀ mọ́, kò dúdú, kò pọ́n. Lẹbẹ kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí á wà ní pípé, torí ẹnu rẹ̀ kò lè débẹ̀.

Àìsàn kì í yára bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ wọlé, etí ìrù á dúdú tàbí kó pọ́n, nígbà mìíràn nǹkan funfun á hù sí i. Tó bá sì jẹ́ ohun mímú ló ya á, ojú ibi tó ya máa ń gùn tààrà. Ẹ mú sítọ́kìn obìnrin tó ti já, ẹ fi nu gbogbo ohun tó wà nínú àpótí: òkúta, ilé kékeré, òdòdó oníke. Ibi tó bá ti kọ́ sítọ́kìn, á kọ́ ìrù. Òdòdó oníke ni kì í yege jù, kì í sì í wọ àpótí ẹja lọ́dọ̀ mi.

Tí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ gbé fóònù ti nǹkan, kí ó kọjú sí àpótí, ẹ tẹ fídíò, kí ẹ sì jáde nínú yàrá. Tó bá rí yín, oúnjẹ ló ń rò, kò ní ṣe é. Nínú fídíò lẹ ó ti rí i tí á ká ara rẹ̀ kò, á yí bìrí, á gbá ìrù mú, á já a, ẹyọ tó já á sì máa rọra rì lọ sísàlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ láràárọ̀ láti ojú ibì kan náà, torí ojú máa ń tan ènìyàn.

Omi, níbi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹni tó bá rí i pé ìrù ẹja òun ti gé á gbé abọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, á da gbogbo omi nù, á fi ọṣẹ ìfọṣọ bó abọ́ àtòkúta inú ẹ̀, á fa omi tútù láti inú kànga, á sì ju ẹja padà sínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìmọ́tótó ló ṣe. Ohun tó ṣe gan-an ni pé ó kó ẹja tí ara ń ni kúrò nínú omi tó ti mọ́ ọn lára, ó gbé e sínú òmíràn tó tutù jù, tí ọṣẹ sì tún wà lára abọ́ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló máa bu ìyókù.

Ìdí wà tí a kì í fi í da gbogbo omi nù. Ìtọ̀, ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà, májèlé tí kò láwọ̀, tí ẹ kò sì ní gbóòórùn rẹ̀ títí tó fi máa jó ẹja lára. Lára òkúta àti fóòmù fíltà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi àpótí, ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé tí wọ́n ń jẹ amóníà yẹn, tí wọ́n ń sọ ọ́ di nǹkan tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ẹni tó fi ọṣẹ fọ òkúta ti pa wọ́n. Omi á mọ́ gaara lójú, amóníà á sì máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́, títí àwọn mìíràn á fi bí, ìyẹn sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, ẹ má fi mímọ́ gaara ṣe ẹ̀rí fún omi kankan.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é nìyí. Ẹ pín omi náà sí ìdá mẹ́rin, kí ẹ mú ìdá kan kúrò. Tó bá pọ̀ jù, kó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fà á, níbi tí ìdọ̀tí wà. Ẹ máa ṣe é ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta nígbà tí ojú egbò ṣì tutù. Tí ìrù bá ti ń hù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Fóòmù fíltà, inú omi tẹ́ ẹ fà jáde yẹn ni kẹ́ ẹ ti fún un, ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi láé.

Róbà tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Ẹ ra tuntun ní ilé oògùn, kò wọ́n, ó sì ní ohun kékeré tí wọ́n ń yí láti dín omi kù. Tẹ́ ẹ bá ń dá omi tuntun padà, ẹ gbé bókẹ́ẹ̀tì sókè, kí omi máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ara ẹja lè gbà á. Ẹ má lo róbà tó ti fa epo bẹntiróòlù rí, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Omi wo wá ni? Omi ẹ̀rọ ìjọba tó ń wá láti Arákàngà ní kílórìn nínú, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi. Ẹ gbé e kalẹ̀ láìbò ó fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ máa fi igi mímọ́ rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ kán oògùn tó ń pa kílórìn sí i. Omi kànga àti ti bọ́hóòlù kì í sábà ní kílórìn, àfi tí onílé bá da oògùn sínú kànga, ẹ béèrè. Síbẹ̀, kó sun yàrá kan náà pẹ̀lú ẹja mọ́jú, kí ooru wọn lè dọ́gba. Omi òjò ńkọ́? Ẹni tó bá ti dúró lórí Òkè Olúmọ rí tó wo àwọn páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ ti mọ ohun tí òjò ń gbé bọ̀. Mi ò lò ó.

Digíríì 25 sí 28 ni ara bẹ́tà fẹ́. Ooru Abẹ́òkúta sábà máa ń bá wa ṣe é láìsí ẹ̀rọ kankan, ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́, òru máa ń mú omi tutù, nígbà tí ó bá sì di oṣù Kẹta, àpótí tó wà lójú fèrèsé á gbóná kọjá ààlà. Lílọ sókè-sódò ooru yìí gan-an máa ń bí ẹja nínú. Ẹ̀rọ amómigbóná kò wúlò fún ẹni tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Á gbé ooru gun òkè ní ìrọ̀lẹ́, ó dòru, iná lọ, omi á tutù. Ohun tó dára jù ni kí omi pọ̀. Lítà 20 kì í yára gbóná, kì í sì í yára tutù bíi lítà 3 inú abọ́ róbótó, amóníà náà kì í tètè pọ̀ nínú rẹ̀. Tí owó àpótí gíláàsì kò bá sí, ẹ ra abọ́ oníke ńlá onídèérí, irú èyí tí wọ́n ń kó aṣọ sí, ní Kútọ̀, kẹ́ ẹ lu ihò sí ìdérí. Ẹ má kún un dé òkè: bẹ́tà ń fo, ó sì gbọ́dọ̀ rí àyè mí afẹ́fẹ́ lókè omi. Lọ́yẹ̀ẹ́, ẹ fi aṣọ nípọn wé ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta rẹ̀ lálẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti tún omi ṣe, ẹ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tó bá yí gbogbo nǹkan padà lọ́jọ́ kan náà tún ti da ẹja láàmú, kò sì ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ìyókù

Ẹ wo bí omi ṣe ń ṣàn. Ẹ ju hóró oúnjẹ kan sórí omi. Tó bá sáré lọ sí ìkangun kejì, fíltà yín lágbára jù fún ẹja tó ru irú ìrù yẹn. Ẹ fi fóòmù tuntun bo ẹnu rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo fíltà fóòmù tí pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ ń gbé ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ dín in kù. Tí iná bá lọ, ẹ má fòyà nítorí èémí: bẹ́tà ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi bíi tiwa.

Lẹ́yìn èyí ni òjìji. Lálẹ́, tí yàrá bá ṣókùnkùn tí iná àpótí sì wà ní títàn, gíláàsì á di dígí. Ẹja á rí akọ mìíràn níbẹ̀, á fẹ ìjàgbọ̀n ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, á máa bá a jà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ ìyẹn, ìrù tirẹ̀ ló ń gbá mú. Ẹ pa iná náà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kí ẹ lẹ bébà dúdú mọ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Àwọn kan máa ń gbé dígí sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè ṣeré. Kì í ṣe fún èyí tó ń bu ara rẹ̀ jẹ.

Kó tún ní ibi tó lè sá pamọ́ sí. Èèpo àgbọn tí ẹ lu ihò sí ti tó, tàbí àpáàdì ìkòkò tí ẹ ti fi òkúta yún etí rẹ̀ títí kò fi mú mọ́. Lókè omi, ojú oró ni mo fẹ́ ju ohunkóhun tí wọ́n ń tà lọ. Ó ń ṣíji bò ó, gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀, ẹja á sì máa sinmi láàárín rẹ̀. Ẹ má ṣa á níbi tí omi aró aládìrẹ tàbí omi ọṣẹ ti ń ṣàn kọjá, kẹ́ ẹ sì fi í sínú bókẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí eṣúṣú tàbí ìgbín odò má bá a wọlé.

Ewé furúùtù náà dára, igi tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń sọ lókò nítorí èso rẹ̀. Ní òkèèrè, wọ́n ń di ewé yìí sínú ọ̀rá tà fún àwọn tó ń sin bẹ́tà. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá a kúrò. Èyí tó ti pọ́n tó já fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, níbi tí kò sún mọ́ títì. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a títí á fi gbẹ, ẹ fi ẹyọ kan sínú lítà 20. Omi á ní àwọ̀ tíì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ tó bá ti ń fọ́.

Iyọ̀, tí ojú egbò bá pọ́n nìkan: ṣíbí tíì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ sí lítà 4, iyọ̀ tí wọn kò lú nǹkan mọ́, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pò ó nínú ife. Kó má ju ọjọ́ 10 lọ. Iyọ̀ kì í gbẹ lọ, torí náà ìwọ̀n omi tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi tuntun sí. Ẹ kọ́kọ́ kó ojú oró kúrò, kò fẹ́ iyọ̀.

Oúnjẹ: díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọjọ́ kan ààwẹ̀ lọ́sẹ̀. Oúnjẹ ọmọ àrọ̀ tó kéré jù, tí wọ́n ń wọ̀n tà fún àwọn olùsìn ẹja, lè dípò ti bẹ́tà. Tanwíjí ni wọ́n fẹ́ràn jù, lílé e kiri sì ń gba ọkàn wọn kúrò lára ìrù. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí omi tẹ́ ẹ ti ń kó o pé ju ọjọ́ 5 lọ kẹ́ ẹ tó dà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ má bá a sin ẹ̀fọn fún àdúgbò.

Ìrù tuntun á kọ́kọ́ yọ ní tín-ín-rín, ẹ ó máa rí òdìkejì nípasẹ̀ rẹ̀. Ẹ má rò pé ó tún ń rà. Ó lè gba oṣù mélòó kan kó tó kún, ó sì lè wá ní kíkákò tàbí ní àwọ̀ mìíràn. Àwọn kan á tún bù ú tó bá ti gùn padà. Irú wọn, omi mímọ́ ni kẹ́ ẹ máa fún un, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lo ìwọ̀n ìrù tó bá a lára mu.

Tó bá ti bù ú dé ẹran ìdí ìrù, tàbí tí nǹkan funfun bá bo ojú egbò, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ẹranko ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà. Inú omi rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, nínú bókẹ́ẹ̀tì onídèérí tí kò kún, kẹ́ ẹ bu omi kan náà sínú ìgò lọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ sì mú fóònù tí fọ́tò àràárọ̀ yẹn wà nínú rẹ̀ dání.