Ìdun ni àbí eégbọn? Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó da oògùn sí ajá lára

Ajá méjì ló kú ní àdúgbò kan ṣoṣo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, eégbọn kọ́ ló pa wọ́n. Ọ̀tapíápíá tí àwọn tó ni wọ́n dà sí wọn lára ni. Nígbà tí a gbé fóòmù ilé kejì sókè, ìdun ló kún igun rẹ̀ bámúbámú. Ajá ò mọwọ́, kò mọsẹ̀.

A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wẹ ajá, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ kì í ṣe ni kí ẹ wo nǹkan tó ń jẹ yín. Kí ara ṣáà ti yún ọmọ, ajá ni.

Ibi tó ti jẹ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ọrùn, apá tàbí ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ẹ bá a lára nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ fura sí ìdun. Ní nǹkan bí aago 2 òru, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí fóòmù níbi tí wọ́n ti rán an, àti sí ihò ìṣó ara pákó bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ó rí àmì dúdú tó-tò-tó, bí ìgbà tí ènìyàn fi bírò tọ́ ọ. Ìdun kì í fi ara ajá ṣelé.

Bó bá jẹ́ ọrùn-ẹsẹ̀ àti ojúgun ló ti ń jẹ yín, pàápàá níbi tí ajá tàbí ológbò ń sùn sí, kòkòrò kíńkín tó ń fò ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní iná ajá. Ẹ fi kóòmù ya irun ẹ̀yìn ajá sórí pépà funfun, kí ẹ kán ẹ̀kán omi 3 sí ìdọ̀tí dúdú tó bá já bọ́. Bó bá pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ ti mú un.

Eégbọn ní ẹsẹ̀ 8, kì í fò, ara ajá sì wù ú ju tiyín lọ. Inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ajá ni ẹ ó ti bá a. Ṣùgbọ́n inú ògiri tó sán ló ń yé ẹyin sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó ń já eégbọn tí kò wo ògiri, ajere ló fi ń pọnmi. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un mọ́ awọ gbágbá, kí ẹ fà á jáde tààrà, kí ẹ jù ú sínú omi ọṣẹ. Ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣáná sí i.

Fún ìdun, omi híhó ni kí ẹ dà sí gbogbo ihò pákó, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, ẹ tún un ṣe. Oòrùn nìkan ò tó.

Fún èyí tó ń fò, ẹ gbálẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 14, títí kan abẹ́ àga. Lóru, ẹ bu omi dé ìdajì àwo funfun, ẹ po ọṣẹ olómi ṣíbí 1 mọ́ ọn, ẹ gbé e sílẹ̀ lábẹ́ fìtílà. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ka èyí tó rì.

NAFDAC ti fòfin de títa dichlorvos, oògùn apakòkòrò tó máa ń wà nínú ọ̀tapíápíá, nínú ìgò kéékèèké, síbẹ̀ inú ìgò kéékèèké náà lẹ ti ń rà á. Oògùn tí dókítà ẹran bá kọ fún ajá, ẹ má fi kan ológbò: permethrin, èròjà apakòkòrò tó wà nínú òmíràn, lè mú ológbò gbọ̀n títí á fi kú. Ẹ wọn ajá yín ní kílò kí ẹ tó lọ bá dókítà. “Ó tóbi díẹ̀” kì í ṣe ìwọ̀n.